Ààwẹ̀ Tí Zechariah Kò Gbà

Bí ẹ bá mọ Zechariah Ògúnbáyọ̀ kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un lọ́fun, ẹ ó mọ̀ pé ọkùnrin náà kì í fi oúnjẹ ṣeré. Sọ́míìlì kan ní Òkè-Sópẹ́n, ní Ìjẹ̀bú-Igbó níbí, ló ti ń ṣiṣẹ́ láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Tí wọ́n bá la gẹdú tán, òun ni yóò wọn pákó, tí yóò sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sí i lára. Tó bá di ọ̀sán, òun kan náà ni yóò gbé abọ́ gàárì síwájú, irú abọ́ tí àwa yòókù fi ń fọ aṣọ. Ìkọ́kọrẹ́ sì ni tirẹ̀ gan-an. Bí ìkórè ìjọ wa bá dé, àwọn obìnrin tó ń dáná a máa bu tirẹ̀ sọ́tọ̀ kí wọ́n tó bu ti wòlíì, torí wọ́n mọ̀ pé bí Zechariah bá fi lè jókòó ti ìkòkò, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ààwẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n gbà. Tí a bá ti kéde ọlọ́jọ́ mẹ́ta, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ láti ọjọ́ kìíní. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà á sì bá wa rẹ́rìn-ín. Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, Ọláyíwọlá ni orúkọ mi, èmi ni akọ̀wé ìjọ, ìjọ Aládùúrà kékeré kan tí a ti ń wọ aṣọ funfun, tí a sì ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Láàárín ọ̀sẹ̀, ọ́fíìsì kan ni mo wà ní yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè, tí mo ń to fáìlì. Mo fẹ́ràn kí n máa kọ nǹkan sílẹ̀. Mo sì fẹ́ràn kí n máa kéde rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni ẹ̀bi tèmi wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Bèlúbèlú ló wú sí i lọ́fun, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Ó fi omi iyọ̀ yọ́ ọ, ó mu àgbo, ó lo kóró oògùn títí, kò gbọ́. Níkẹyìn ó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan, wọ́n gé e jáde, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kì í ṣe àrùn burúkú. A ṣe ìdúpẹ́, a jó. Dókítà ti sọ fún un ṣáájú pé ó lè pẹ́ kí ẹnu rẹ̀ tó mọ adùn padà, pé oúnjẹ sì lè máa ṣìnà lọ́fun rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀ kí ó padà wá, pé obìnrin kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kọ́ aláìsàn bí wọ́n ṣe ń gbé nǹkan mì.

Zechariah padà lọ lẹ́ẹ̀kan péré. Obìnrin tí wọ́n sọ náà kò dàgbà ju àbíkẹ́yìn rẹ̀ lọ. Ó ní kí ó mu omi ṣíbí kan níwájú òun, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin sì dúró tì wọ́n pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Omi náà gba imú Zechariah jáde, ó ta sí ọ̀kan nínú wọn láṣọ. Ọmọbìnrin náà kò bínú. Ó nù ún, ó fi hàn án bí yóò ṣe máa tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà kí ó tó gbé oúnjẹ mì, ó ní kí ó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kò padà lọ mọ́. Ó ní ojú ti òun, pé ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta kọ́ ló yẹ kí wọ́n máa kọ́ ní oúnjẹ jíjẹ bí ọmọ ọwọ́.

Nígbà tó wá padà sí sọ́míìlì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti rẹ gàárì dè é, gàárì Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa, pẹ̀lú ẹ̀pà àti omi tútù. Ó bu ṣíbí kìíní. Kò gbọ́ kíkan rẹ̀, kò gbọ́ adùn ẹ̀pà, ó ní ńṣe ló dà bíi pé òun ń lá ìṣó. Ó yára bu èkejì kí wọ́n má baà fura. Èyí ni kò sọ̀ kalẹ̀. Ó já sókè, gàárì bá imú jáde, ẹ̀pà kan sì tẹ̀lé e.

Mùbàṣírù tó ń wa ẹ̀rọ ìlagi, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ ni, òun ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Sùbúhánálláà! Ẹ wá wo umú o! Zechariah ti fi umú mu gàárì!"

Gbogbo wọn fi ẹ̀rín pa ara wọn. Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ó nu ojú, ó ní ata ló ta òun. Ta ló ń bu ata sí gàárì? Kó tó di ọjọ́ kejì, wọ́n ti sọ ọ́ ní Onímú Gàárì.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti pinnu pé ojú ẹnikẹ́ni kò ní bá òun nídìí oúnjẹ mọ́, àfi ojú Naomi ìyàwó rẹ̀. Nílé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Naomi á gún iṣu títí yóò fi rọ̀ bíi ti arúgbó tí kò léyín. Ògì rẹ̀ á ki, torí ohun tó bá ṣàn ló ń dà á láàmú jù. Wọ́n á yí rédíò sókè kí àwọn ará ilé má baà gbọ́ ikọ́. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, wọ́n á tún wá jà nítorí iyọ̀. Zechariah á ní kò síyọ̀ nínú ọbẹ̀, Naomi á bù sí i, á ní kò sí síbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó fi ìbínú da ọbẹ̀ náà nù. Naomi fi ìka lá èyí tó kù nínú ìkòkò, iyọ̀ já a lẹ́nu débi pé ó tu ú nù. Ó lọ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń sunkún, kò mọ̀ bóyá ọkọ òun ń dá òun lóró ni tàbí orí rẹ̀ ló ti ń dàrú. Kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Ojú ń ti òun náà.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn lọ́jọ́ Ìsinmi tí ìdílé kan ṣe ìdúpẹ́ ọmọ, tí wọ́n sì gbé ìkọ́kọrẹ́ wá lẹ́yìn ìsìn. Arábìnrin tó ń pín in gbé abọ́ Zechariah wá, ẹja méjì ló wà lórí rẹ̀. Ó dúró, ó ń retí kí ó yìn òun bí ó ti máa ń yìn ín. Zechariah wo abọ́ náà, ó wo gbogbo wa.

Ó ní, "Ẹ gbé e padà. Mi ò jẹun."

Gbogbo ilé yíjú sí i. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí. Mo wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó ti jìn, mo wo aṣọ funfun tó ti fẹ̀ jù fún un. Mo ní, "Ààwẹ̀ ni, àbí?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Kò fi ẹnu sọ ọ́. Nígbà tó ń ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, ó ní òun kò ní irọ́ kankan lọ́kàn, àfi bíi pé ẹnìkan ṣí ilẹ̀kùn fún òun nígbà tí ilé ń jó, tí òun sì gba ibẹ̀ jáde. Èmi ni mo ṣí i. Mo ti bá a jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì fún ọdún mọ́kànlá, mo rí i pé ó rù, ohun tó wá sí mi lẹ́nu kò ju ààwẹ̀ lọ. N kò bi í pé kí ló ń ṣe é.

Ẹ má sì bi mí bóyá mo lè pa irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ mọ́ra. Kí n tó dé ilé, mo ti kọ ọ́ sórí wáàsáàpù ìjọ pé Olúwa ti gba ọ̀fun Bàbá Zechariah lọ́wọ́ ọ̀bẹ, òun náà sì ti fi ọ̀fun náà jìn fún Olúwa. Ọgọ́rùn-ún àmín ló wọlé. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo tún kà á lórí pẹpẹ.

Àwa Aládùúrà fẹ́ràn aláàwẹ̀. Aríran lè ríran kó má ṣẹ, ṣùgbọ́n ara aláàwẹ̀ ni ẹ̀rí rẹ̀, Zechariah sì ń rù sí i lójoojúmọ́. Ohùn rẹ̀ tó ti ń gba imú jáde, a ní ohùn ẹni ẹ̀mí ni. Bí ó bá tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà láti gbé itọ́ mì, a ní ó ń bá áńgẹ́lì sọ̀rọ̀. Nínú ìjọ wa, ẹni tí kò bá lágbára lè bẹ ẹlòmíràn pé kó bá òun gba ààwẹ̀. Aboyún ń ṣe é, aláìsàn ń ṣe é, ọmọ tó fẹ́ ṣèdánwò náà ń ṣe é. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó orúkọ wọn wá fún un lórí ìwé pélébé. Ó ń gbà á, ó ń fi sábẹ́ Bíbélì, kò sì gba ẹyọ kan nínú rẹ̀. Lóòótọ́ ni ebi ń pa á ju aláàwẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ebi kì í ṣe ààwẹ̀, òun gan-an mọ̀.

Nígbà tí a ṣe ìfòróróyàn ọdún, a so àmùrè aláwọ̀ sánmà mọ́ ọn ní ìbàdí, a sọ ọ́ di Bàbá Aláàwẹ̀. Mùbàṣírù tó jẹ́ Mùsùlùmí wá kí i. Ó dọ̀bálẹ̀ fún un nínú lẹ́búlẹ́bú pákó tó wà nílẹ̀ sọ́míìlì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ foríjì mí lórí ọ̀rọ̀ umú ọjọ́sí. Mi ò mọ̀ pé uṣẹ́ Ọlọ́run ni." Zechariah sọ fún mi pé ìdọ̀bálẹ̀ yẹn dun òun ju ẹ̀rín lọ, pé òun lọ sẹ́yìn àkójọ pákó, òun gbá ara òun létí.

Oṣù kan lẹ́yìn náà ni Rachel dé.

Ará Efire ni, létí ọ̀sà lọ́hùn-ún, ẹja ló ń yan tà. Favour ọmọ rẹ̀ ń kàwé ní Àgọ́-Ìwòyè, ìjọ wa ló sì ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, òun ló mú ìyá rẹ̀ wá. Èmi ni mo mú wọn wọ ilé Zechariah. Obìnrin náà gbé ẹja yíyan kan agbọ̀n wá, ó kúnlẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, wọ́n ní nǹkan kan wú sí mi lọ́fun. Wọ́n ní àwọn á gé e. Ẹ̀rù ń bà mí. Ìgbà tí Favour ní wọ́n ti ṣe irú ẹ̀ fún yín ni mo ní kó mú mi wá. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe rí lẹ́yìn tí wọ́n ṣe é tán?"

Mo rí Zechariah tó wo Naomi. Naomi wo ilẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni wọ́n ń fi ojú sọ. Ìbéèrè tó rọrùn ni obìnrin yìí bi í, kò sì sí ẹlòmíràn ní gbogbo agbègbè tó lè dá a lóhùn.

Ó ní, "Kò sí nǹkan kan. Bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ni."

Rachel ṣe háà, ó gbá ọwọ́ pọ̀. "Kò dí yín lọ́wọ́ oúnjẹ?"

"Ṣé o ò rí mi ni?"

Obìnrin náà dúpẹ́ títí. Ó wá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, láti ọjọ́ tí wọ́n bá gbé òun wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Zechariah ní òun gbọ́. Èmi akọ̀wé sì fa báírò yọ, mo kọ ọjọ́ náà sílẹ̀.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, mo wà nílé Zechariah lálẹ́ Ọjọ́ Ẹtì nítorí ètò ìkórè, nígbà tí Favour já wọlé. Kò bọ́ bàtà, kò kí ẹnikẹ́ni.

"Bàbá, màámi ò jẹun mọ́ o. Ẹ gbà mí."

A ní kó jókòó. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti dá ìyá òun sílẹ̀ nílé ìwòsàn ni nǹkan ò ti lọ dáadáa. Oúnjẹ ń há a lọ́fun. Omi ń gba imú jáde. Dókítà sọ pé kó padà wá, ó ní òun ò lọ. Àwọn ìyá ìjọ ní Efire wá ń fún un ní omi adúrà. Tó bá ti mu ún, á gba imú jáde, àwọn ìyá á sì kígbe pé omi mímọ́ kọ̀ ọ́, pé kó jẹ́wọ́ ohun tó wà níkùn rẹ̀.

Favour ní, "Màámi ti jẹ́wọ́ gbogbo nǹkan tán, sà. Àwọ̀n tí wọ́n yá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n wọn nígbà tí wọn ò tíì bí mi, wọ́n jẹ́wọ́ ẹ̀. Omi yẹn ṣì ń padà. Wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ni, pé tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ti Bàbá Aláàwẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀? Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ìdáríjì lọ́jọ́ Ajé. Wọn ò fi nǹkan kan kan ẹnu láti ọjọ́ náà. Wọ́n ní àfi kí ẹ wá gbàdúrà fún àwọn."

Naomi dìde, ó wọ yàrá, ó gbé àpò ọkọ rẹ̀ jáde, ó sì gbé e lé e lẹ́sẹ̀.

Àfẹ̀mọ́júmọ́ la gbéra, àwa mẹ́ta, Zechariah, Favour àti èmi. A wọ ọkọ̀ dé Ìjẹ̀bú-Òde, a wọ òmíràn dé Abigi, Favour sì lọ wá ọ̀kadà fún wa. Ibi tí a jókòó sí, tí a ń dúró dè é, ni Zechariah ti sọ gbogbo ohun tí mo ti ń sọ fún yín yìí. Kò wo ojú mi. Ó ń fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀ bí ọmọ tí olùkọ́ mú.

Inú bí mi, ẹ má jẹ́ kí n parọ́. Mo rántí wáàsáàpù, mo rántí pẹpẹ, mo rántí gbogbo àmín yẹn. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti fi mí ṣẹ̀sín." Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo tún ronú díẹ̀, mo wá sọ ohun tí ń tì mí lójú dòní. Mo ní, "Ẹ gbọ́. Ẹ gbàdúrà fún obìnrin náà bí wọ́n ṣe ní kí ẹ ṣe. Ká wá fa Favour sí kọ̀rọ̀, ká ní kó gbé ìyá rẹ̀ padà sọ́dọ̀ dókítà. Kí la fẹ́ máa tú ara wa síhòhò fún? Ìkórè ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Ó ṣì ń fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀. Ọ̀kadà dé, a gùn ún.

Yàrá Rachel kò tóbi, àwọn ìyá ìjọ ti kún ibẹ̀ nínú aṣọ funfun, wọ́n ń kọrin. Òórùn ẹja àti àbẹ́là gba gbogbo ilé. Rachel jókòó lórí ẹní, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ó ti rù débi pé ẹnu aṣọ rẹ̀ ń yọ̀ kúrò léjìká. Bí ó ti rí Zechariah, ó gbìyànjú láti kúnlẹ̀, kò lè ṣe é.

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá gbé omi wá nínú ife. Ó ní, "Bàbá, gbogbo wẹn ń retí yín. Ẹ gbàdúrà sí i, kẹ́ ẹ fún un mu lọ́wọ́ ara yín. Bóyá á gbà á lọ́wọ́ yín."

Zechariah gba ife náà. Gbogbo wa kúnlẹ̀, a di ojú. Mo la ojú mi kan, torí mo fẹ́ mọ adúrà tí yóò gbà. Kò gbàdúrà. Ó dúró sójú kan, ife náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo Rachel. Ó gbé orí sókè gan-an bí ẹni tí ara rẹ̀ le, ó sì da omi náà sẹ́nu.

Ó gba imú rẹ̀ jáde. Ó dà sí i ní irùngbọ̀n, ó dà sára aṣọ funfun, ó dà sára àmùrè. Ikọ́ mú un, ó dorí kodò, ojú rẹ̀ pọ́n, itọ́ ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ojú gbogbo wọn là. Ẹnìkan kígbe, "Háà! Omi kọ Bàbá náà!"

Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú obìnrin náà. Ó ní, "Omi ò kọ ẹnikẹ́ni. Ibi tí wọ́n gé lọ́fun wa ni kò tíì mọ ọ̀nà. Favour, lọ bá mi po ògì wá. Kó ki. Àti ṣíbí méjì."

Favour sáré lọ. Ó gbé abọ́ ògì dé pẹ̀lú ṣíbí méjì. Zechariah bu díẹ̀ sí ṣíbí, ó tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà, ó gbé e mì, ó dúró, ó tún gbé e mì lẹ́ẹ̀kejì. Ó la ẹnu fún Rachel kó wò ó pé ó ti lọ. "Bí ọmọbìnrin ilé ìwòsàn ṣe fi hàn mí nìyẹn, lọ́jọ́ kan ṣoṣo tí mo lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni. Tó bá di ọjọ́ Ajé, èmi àtìwọ la jọ ń padà lọ síbẹ̀."

Rachel kò tíì gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ń gba imú jáde, bíi ti Zechariah gan-an.

"Láti ìgbà wo ló ti ń ṣe yín báyìí?"

"Láti ọjọ́ kìíní."

"Lọ́jọ́ tí mo kúnlẹ̀ bi yín léèrè ńkọ́?"

"Ó ń ṣe mí lọ́jọ́ náà."

"Ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta tẹ́ ẹ gbà fún mi ńkọ́?"

Mo rò pé yóò wá ọ̀rọ̀ rọ́ sí i. Mo gbàdúrà kó wá ọ̀rọ̀ rọ́ sí i.

Ó ní, "Òyì kọ́ mi lọ́jọ́ kìíní, kó tó di ọ̀sán. Mo jẹ iṣu. Mo jẹ iṣu lọ́jọ́ kejì àti ìkẹta náà. Ojú ló ń tì mí, Rachel. Ojú ti mí débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọ́."

Obìnrin náà wo àwọn ìyá ìjọ yí ká. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Ó ní, "Mo jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ àwọ̀n níwájú àwọn èèyàn wọ̀nyí. Ẹ̀gbọ́n mi ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Mo ń bẹ Ọlọ́run tọ̀sán tòru nítorí omi tó ń bá imú jáde, omi kan náà sì ń bá imú tiyín jáde nínú ilé yín."

Zechariah tú àmùrè ìbàdí rẹ̀. Kò rí ibi tí yóò fi sí, ó kàn dì í mú lọ́wọ́. Ó ń wo ẹnu ọ̀nà, mo sì mọ̀ pé ó fẹ́ dìde máa lọ.

Rachel na ọwọ́, ó mú ṣíbí kejì. Ó bu ògì náà, tó kéré bí ọmọ ìka, ó tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà, ó di ojú. Ó gbé e mì. Gbogbo wa ń wo imú rẹ̀. Ohunkóhun kò jáde. Favour bú sẹ́kún. Rachel tún bu òmíràn, ó tún gbé e mì. Lẹ́yìn náà ló ti abọ́ náà sí iwájú Zechariah.

Ó ní, "Ẹ jókòó, Bàbá. Ẹ jẹ tiyín tán. A ń wò yín."

Àwọn ìyá ìjọ kò yí ojú kúrò, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ tó ti kún ẹnu fèrèsé. Zechariah gbé ṣíbí. Ó ń jẹ, ó ń wúkọ́, èyí tó bá sọ̀ kalẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, èyí tí kò bá sọ̀ kalẹ̀ á gba imú jáde. Ọmọ kan rẹ́rìn-ín, Zechariah kò dáwọ́ jíjẹ dúró. Èmi akọ̀wé, tí mo kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé, mo sún mọ́ ọn, mo yọ áńkáṣíìfù mi, mo sì ń bá a nu imú títí abọ́ náà fi gbẹ.